Wúrà Kan Náà, Ìwọ̀n Kan Náà, Kí Ló Wá Yàtọ̀?

Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ọkọ̀, ẹ kú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ń fọ abọ́ bí ẹ ṣe ń gbọ́ mi, ẹ rọra o, kí fóònù má bọ́ sómi. Ọ̀rọ̀ wúrà ni a fẹ́ sọ lónìí. Kì í ṣe iye tí wọ́n ń tà á, kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń rà á, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ wá mi wá sórí WhatsApp pé kí n bá òun wá oníbàárà.

Ilé wa ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Màmá mi ní ṣéènì wúrà kan tí ìyá wọn fi sílẹ̀ fún wọn. Ṣéènì náà ti pẹ́, ìkọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń já, ni wọ́n bá ní kí n bá àwọn gbé e lọ fún alágbẹ̀dẹ wúrà kó tún un ṣe. Mo gbé e lọ. Bàbá náà wọ̀n ọ́n lójú mi: gíráàmù 11. Ó bi mí bí a ṣe fẹ́ kí òun ṣe é. Mo ń kánjú, fóònù ń dún lápò mi, mo ní, "Bàbá, ẹ ṣáà ṣe é kó dáa." Ìgbà tí mo padà lọ gbà á, bàbá ti yọ́ gbogbo rẹ̀, ó ti fi ṣe ṣéènì mìíràn, tuntun, tó ń dán yinrin. Ó tún gbé e sórí òṣùwọ̀n lójú mi. Gíráàmù 11 náà ni.

Mo gbé e délé. Màmá yí i sọ́tùn-ún, wọ́n yí i sósì, wọ́n ní, "Èyí kọ́."

Èmi tí mo ka kẹ́mísírì ní yunifásítì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Mo ní, "Màmá, wúrà kan náà ni. Ìwọ̀n rẹ̀ ò yí padà. Átọ̀mù tó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ náà ló ṣì wà nínú rẹ̀." Wọ́n kàn wò mí ni. Wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni mo ń ka ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2015 nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì tí wọ́n ń pè ní Nature Communications. Bí mo ṣe ń kà á lojú ń tì mí. Ohun tí àwọn tó kọ ọ́ rí ni pé èèyàn lè ka átọ̀mù wúrà lọ́kọ̀ọ̀kan kó pé, kó wọ̀n ọ́n kó bára mu, síbẹ̀ kó jẹ́ pé nǹkan méjì ló wà níwájú rẹ̀, tí ìṣe wọn ò sì jọra. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé fún yín lónìí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká gbé wúrà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná, ká wọ ilé ìdáná. Gáàsì tí ẹ fi ń dáná, propane àti butane ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Butane ni kí ẹ wò. Átọ̀mù kábọ́ọ̀nù 4 àti háídírójìn 10 ló wà nínú ẹyọ kan rẹ̀. Tí kábọ́ọ̀nù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá tò tẹ̀lé ara wọn bí èrò tó tò síwájú ATM, butane tí a mọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n tí ọ̀kan bá dúró sáàárín, tí àwọn mẹ́ta yòókù wá di òun nìkan mú, ó ti di isobutane. Kábọ́ọ̀nù 4 náà ni, háídírójìn 10 náà ni. Ẹnikẹ́ni ò fi nǹkan kún un, ẹnikẹ́ni ò yọ nǹkan kúrò. Síbẹ̀, dígírì òdo ni butane ti ń hó, díẹ̀ ló fi wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Isobutane ń hó ní nǹkan bíi dígírì 12 sísàlẹ̀ òdo. Ẹ lọ wo ẹ̀yìn fíríìjì yín tó bá jẹ́ tuntun. Tí ẹ bá rí R600a níbẹ̀, isobutane ló ń mú omi yín tutù.

Méjì tó bá rí báyìí, tí irú átọ̀mù wọn bára mu, tí iye rẹ̀ bára mu, ṣùgbọ́n tí ìtò wọn yàtọ̀, isomer ni wọ́n ń pè wọ́n.

Ọ̀rọ̀ yìí ti dá ìjà sílẹ̀ rí, irin olówó iyebíye kan náà ló sì fà á. Ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, àwọn ọ̀dọ́ méjì kan wà ní Jámánì tí wọ́n ń ṣe kẹ́mísírì: Justus von Liebig àti Friedrich Wöhler. Liebig ń wádìí silver fulminate, ìyẹn èròjà fàdákà kan tó ń bú gbàù tí èèyàn bá fọwọ́ kàn án lásán. Ẹ mọ àwọn nǹkan kékeré tí àwọn ọmọdé ń sọ mọ́lẹ̀ nígbà Kérésìmesì tó ń ta pàá? Ìwọ̀nba rẹ̀ bín-ín-tín ló máa ń wà nínú wọn. Wöhler ní tirẹ̀ ń wádìí silver cyanate, èyí tí kì í bú rárá. Nígbà tí kálukú gbé èsì rẹ̀ jáde, iye fàdákà, kábọ́ọ̀nù, náítírójìn àti ọ́síjìn inú àwọn méjèèjì bára mu. Liebig ní irọ́ ni, Wöhler ti ṣe àṣìṣe. Èwo ni kí ohun tó ń bú gbàù àti ohun tó jókòó jẹ́ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà? Ó tún iṣẹ́ náà ṣe fúnra rẹ̀, ló bá rí i pé Wöhler ò ṣàṣìṣe. Àwọn méjèèjì wá di ọ̀rẹ́ títí ọjọ́ ikú. Jöns Jacob Berzelius ti ilẹ̀ Sweden, tó jẹ́ olùkọ́ Wöhler, ló sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní isomer lọ́dún 1830. Èdè Gíríìkì ló ti mú un; ohun tó túmọ̀ sí kò ju pé apá ibẹ̀ dọ́gba.

Ó dáa. Wúrà wá ńkọ́? Ṣé wúrà náà lè ní isomer?

Ṣéènì màmá mi ò lè ní in, kí n tètè sọ bẹ́ẹ̀ kí àwọn tó gbọ́n jù mí lọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi. Ká tó pe nǹkan méjì ní isomer, ó gbọ́dọ̀ dá wa lójú pé iye átọ̀mù wọn bára mu gẹ́lẹ́, láìsí ẹyọ kan tó lé. Ta ló lè ka ti ṣéènì? Kódà wúrà tó kéré gan-an ò ṣeé kà bẹ́ẹ̀. Àpẹẹrẹ kan tí ọ̀pọ̀ yín ti rí lójú nìyí: ìlà pupa tó máa ń yọ lórí tẹ́ẹ̀sì oyún, tàbí lórí tẹ́ẹ̀sì Kòrónà tí wọ́n ń fi sí imú nígbà yẹn. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn, wúrà ló wà nínú ìlà yẹn. Bẹ́ẹ̀ ni, wúrà gidi. Tó bá ti kéré tó bẹ́ẹ̀, pupa ló máa ń rí. Hóró rẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè fẹ̀ tó 40 náńómítà, bẹ́ẹ̀ irun orí kan ṣoṣo fẹ̀ tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin náńómítà. Síbẹ̀, átọ̀mù inú hóró kan tó báyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù méjì. Ọ̀kan á fi ẹgbẹ̀rún díẹ̀ ju èkejì lọ, kò sì ní ba nǹkan kan jẹ́, ìlà pupa á ṣì yọ. Níbẹ̀, ọ̀rọ̀ isomer ò tilẹ̀ ní ìtumọ̀.

Ṣùgbọ́n tí a bá tún sọ̀ kalẹ̀, tí a dé ibi tí wúrà ti kù ní átọ̀mù mẹ́wàá mẹ́wàá tàbí ọgọ́rùn-ún, nǹkan yí padà. Níbẹ̀, àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ti rí ọ̀nà láti ṣe é kí gbogbo hóró tó wà nínú ìgò jẹ́ iye kan náà gẹ́lẹ́: wúrà 25, tàbí 38, tàbí 102. Nanocluster ni òyìnbó ń pè é. Òṣùṣù wúrà ni èmi á máa pè é lónìí, bí a ṣe ń sọ pé òṣùṣù ọwọ̀, nítorí ìdì ni wọ́n, iye tó wà nínú ìdì kọ̀ọ̀kan sì ṣe pàtàkì.

Òṣùṣù wúrà kì í rìn níhòòhò. Tí ẹ bá fi í sílẹ̀ láìbò, á lẹ̀ mọ́ ìkejì rẹ̀, ìyẹn á lẹ̀ mọ́ òmíràn, títí gbogbo wọn á fi di kúlúńbú. Nítorí náà wọ́n máa ń wọ aṣọ fún un. Aṣọ yìí ni wọ́n ń pè ní ligand. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni thiol, èròjà tó ní imí ọjọ́ lórí. Ẹ mọ òórùn burúkú tó máa ń ta sí yín nímú tí gáàsì bá ń jò? Gáàsì fúnra rẹ̀ kì í rùn. Thiol ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi sí i kí a lè tètè mọ̀ pé ó ń jò. Ẹbí rẹ̀ ni wọ́n fi ń bo wúrà. Imí ọjọ́ àti wúrà fẹ́ràn ara wọn gan-an; tí wọ́n bá ti pàdé, wọn kì í fẹ́ fi ara wọn sílẹ̀.

Fún ìgbà pípẹ́, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn rò ni pé imí ọjọ́ kàn jókòó sórí wúrà bí fìlà. Lọ́dún 2007, Roger Kornberg, tó ti gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún tó ṣáájú, àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà fi X-ray wo òṣùṣù wúrà tó ní átọ̀mù 102. Wọ́n rí i pé ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Ńṣe ni imí ọjọ́ fa àwọn wúrà kan jáde láti ara òṣùṣù, ó gbé wọn sáàárín ara rẹ̀: imí ọjọ́, wúrà, imí ọjọ́. Ó tẹ̀ kọdọrọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì wọlé sára òṣùṣù bí píìnì sítápúlà ṣe ń wọ ìwé. Píìnì yẹn gan-an ni àwọn onímọ̀ fi sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ fi í sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ pọ̀ sí.

A ti dé ọ̀dọ̀ wúrà 38 báyìí. Thiol 24 ló wọ̀ láṣọ. Lọ́dún 2010, Huifeng Qian àti ọ̀gá rẹ̀ Rongchao Jin, pẹ̀lú àwọn mìíràn, ní yunifásítì Carnegie Mellon ní Pittsburgh, gbé bí inú rẹ̀ ṣe rí jáde. Ẹ jẹ́ ká kà á pọ̀. Ẹ mú ọsàn kan, ẹ fi ọsàn 12 yí i ká kí gbogbo wọn fara kàn án. Ọsàn 13 nìyẹn, ó sì rí roboto. Ẹ tún ṣe bọ́ọ̀lù kejì bẹ́ẹ̀. Ẹ wá lẹ àwọn méjèèjì pọ̀ kí wọ́n jọ máa pín ọsàn 3 lò lójú ibi tí wọ́n ti pàdé. 13 àti 13 jẹ́ 26. Ẹ yọ 3 tí a kà lẹ́ẹ̀mejì, ó ku 23. Wúrà 23 yìí ni kókó inú. Wúrà 15 tó kù wà nínú àwọn píìnì: píìnì kúkúrú 3 tó ní wúrà kọ̀ọ̀kan, àti píìnì gígùn 6 tó ní wúrà méjì méjì. Ẹ mú ẹ̀rọ ìṣírò fóònù yín: 23, 3 àti 12. Ó jẹ́ 38. Imí ọjọ́ ńkọ́? Píìnì kúkúrú ní méjì méjì, 6. Gígùn ní mẹ́ta mẹ́ta, 18. Ó jẹ́ 24. Ó pé pérépéré. Mo fẹ́ràn irú ìṣírò yìí gan-an, ẹ má bínú.

Ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Wúrà 38, aṣọ 24, a ti mọ̀ ọ́n, ó tán. Ṣùgbọ́n ní Hefei, ní ilẹ̀ Ṣáínà, Shubo Tian ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Zhikun Wu. Wọ́n ṣe òṣùṣù wúrà kan, wọ́n wọ̀n ọ́n. Òṣùwọ̀n tí wọ́n ń lò fún irú iṣẹ́ yìí ń wọn mólíkù ní ẹyọ ẹyọ. Wúrà 38 pẹ̀lú aṣọ 24 yẹn, ìwọ̀n rẹ̀ yóò jẹ́ nǹkan bíi 10,778 lórí òṣùwọ̀n tí háídírójìn ti jẹ́ 1. Tiwọn náà, ìwọ̀n wúrà 38 àti aṣọ 24 ni. Aṣọ náà ò yàtọ̀ sí ti Pittsburgh. Àmọ́ bó ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sára yàtọ̀.

Èmi mọ ohun tí mi ò bá ṣe. Nígbà tí mò ń ṣe iṣẹ́ àṣekágbá mi ní yunifásítì, tí ìwọ̀n nǹkan bá bára mu ṣùgbọ́n tí àwọ̀ rẹ̀ ò rí bó ṣe yẹ, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa sọ fún wa ni pé a ò fọ ìgò mọ́. À á dà á nù, à á bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ti da nǹkan nù bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Mi ò sọ pé isomer ni mo dà nù o. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìdọ̀tí lóòótọ́. Ohun tó ń dùn mí ni pé mi ò yẹ̀ ẹ́ wò.

Àwọn ti Hefei yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n jẹ́ kó dì di kírísítálì. Kírísítálì ni hóró iyọ̀ àti hóró ṣúgà. Ohun tó mú kó yàtọ̀ ni pé ẹyọ inú rẹ̀ tò létòlétò bí àga inú ṣọ́ọ̀ṣì. Tí wọ́n bá tan X-ray sí i, á tú ká sí àmì dúdú dúdú, láti ara àwọn àmì yẹn ni wọ́n á sì fi ìṣírò mọ ibi tí átọ̀mù kọ̀ọ̀kan jókòó sí. Òṣùwọ̀n mọ iye, kò mọ ìjókòó. X-ray ló mọ ìjókòó.

Ohun tí wọ́n rí nìyí. Kókó inú tiwọn náà jẹ́ wúrà 23, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ló pé nínú rẹ̀. Èkejì ò pé. Ó kàn bo ti àkọ́kọ́ lórí bí ìdérí ìkòkò. Àwọn píìnì náà yí padà: 2 gùn débi pé wúrà mẹ́ta mẹ́ta ló wà nínú wọn, 3 ní wúrà méjì méjì, 3 ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, imí ọjọ́ kan sì dá dúró, ó na ara rẹ̀ láti ibì kan dé ibòmíràn bí afárá. Ẹ tún mú ẹ̀rọ ìṣírò: 23, 6, 6 àti 3, ó jẹ́ 38. Imí ọjọ́: 8, 9, 6 àti 1, ó jẹ́ 24. Kò sí èyí tó sọnù.

Wọ́n pe tuntun yìí ní Au38T, èyí àtijọ́ di Au38Q. Au ni àmì wúrà. Ẹ kíyè sí i pé Q ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ Qian, T ló sì bẹ̀rẹ̀ orúkọ Tian. Orúkọ Rongchao Jin sì wà lórí ìwádìí méjèèjì. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ sọ pé "báyìí ni wúrà 38 ṣe rí" náà ló wà lára àwọn tó wá sọ lẹ́yìn ọdún márùn-ún pé "ó tún rí báyìí." Mo gba fìlà fún un.

Ṣáájú ìgbà yẹn, àwọn kan ti fi ìṣírò sọ pé irú nǹkan báyìí yẹ kó wà, àmì díẹ̀díẹ̀ sì ti ń yọ. Ṣùgbọ́n láti fi X-ray gbé ẹ̀gbọ́n àti àbúrò kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹnikẹ́ni má lè jiyàn, ohun tó mú kí ìwádìí 2015 yìí ṣe kókó nìyẹn.

Ìgbà tí mo dé apá tó kàn ni mo rántí ojú màmá mi. Wọ́n fi Au38T sínú toluene, ọ̀kan nínú èròjà tó máa ń wà nínú tínà tí àwọn ọlọ́dà ń lò. Wọ́n mú kó gbóná dé dígírì 50. Àádọ́ta péré! Omi ò ní hó níbẹ̀, ẹyin ò ní jiná níbẹ̀. Inú ọkọ̀ tí ẹ gbé sínú oòrùn ọ̀sán tí ẹ ti gíláàsì rẹ̀ pa lè gbóná tó bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀ ni Au38T ti di Au38Q. Kò ju átọ̀mù kankan nù, kò gba òmíràn. Ó kàn tún ara rẹ̀ tò ni. Nígbà tí ó sì ti yí padà, kò padà di T mọ́. Ọ̀nà àlọ wà, kò sí ti àbọ̀.

Ìdí rẹ̀ ò le. Ẹ ro bọ́ọ̀lù kan tó wà nínú kòtò kékeré lórí òkè, tí kòtò ńlá kan sì wà nísàlẹ̀ òkè náà. Bọ́ọ̀lù lè wà nínú kòtò kékeré yẹn títí, kò ní í ṣubú, nítorí etí kòtò dá a dúró. Ṣùgbọ́n tí ilẹ̀ bá mì díẹ̀, á fo etí kòtò, á yí gbirigbiri lọ sísàlẹ̀. Ooru ni ilẹ̀ tó mì. Au38T wà nínú kòtò kékeré, Au38Q wà nínú kòtò ńlá. Kí bọ́ọ̀lù tó lè padà gòkè fúnra rẹ̀, ó di iṣẹ́ ìyanu.

Tí ẹ bá ń rò pé kí ló kàn wá bí T bá di Q, ẹ gbọ́ iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Òṣùṣù wúrà máa ń mú kí àwọn èròjà mìíràn tètè yí padà, láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ tán. Ìdánwò tí wọ́n sábà máa ń lò ni nitrophenol, èròjà pupa rúsúrúsú bí omi ẹ̀bà tí èèyàn da epo sí díẹ̀, tí wọ́n á sọ di aminophenol tí kò ní àwọ̀. Ẹ má fojú kéré aminophenol o, ara rẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe paracetamol. Nígbà tí wọ́n ṣe ìdánwò yìí nínú òtútù, ní dígírì òdo bí omi yìnyín, Au38T ṣiṣẹ́ dáadáa níbi tí Au38Q ti ń fà sẹ́yìn. Mi ò sọ pé ilé iṣẹ́ paracetamol kan ń lo Au38, ìdánwò inú lábù ni. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó báyìí: ká ní èèyàn ra T nítorí iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe nínú òtútù, tó wá pa á mọ́ sínú omi tínà nínú ilé ìkẹ́rù tó ní òrùlé páànù láàárín ọ̀gbẹlẹ̀. Ọjọ́ tó bá ṣí i, kò ní í ṣiṣẹ́ mọ́. Yóò wọ̀n ọ́n, ìwọ̀n á pé. Yóò ka wúrà, 38. Yóò ka aṣọ, 24. Yóò máa wá olè tí kò sí.

Mo fi apá kan ètò yìí sí WhatsApp wa láàárọ̀, ẹnì kan bi mí pé tí wúrà bá dọ́gba ṣùgbọ́n tí aṣọ yàtọ̀ ńkọ́. Ìyẹn kì í ṣe isomer tòótọ́, nítorí átọ̀mù inú aṣọ ò bára mu mọ́. Wúrà 28 tó wọ aṣọ 20 ní irú rẹ̀: wọ́n wọ irú thiol kan fún un, ó rí báyìí, wọ́n fi òmíràn pààrọ̀ rẹ̀, píìnì ara rẹ̀ tún ara wọn tò. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní ohun tó fẹ́ jọ isomer.

Ohun tó wù mí ju ìyẹn lọ ni ti òsì àti ọ̀tún. Nínú Au38Q, àwọn píìnì gígùn 6 yẹn lọ́ yí kókó inú ká bí apá fáànù. Tí wọ́n bá lọ́ sọ́tùn-ún, irú kan nìyẹn. Tí wọ́n bá lọ́ sósì, irú mìíràn ni, bíi bàtà òsì àti ti ọ̀tún. Ẹni bá so ẹni mọ́ra ò yàtọ̀ níbẹ̀, nítorí náà kì í ṣe irú isomer tí T àti Q jẹ́ síra wọn, àmọ́ mọ̀lẹ́bí ni wọ́n. Lọ́dún 2012, Thomas Bürgi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Geneva, ní Switzerland, ya ti òsì sọ́tọ̀ kúrò lára ti ọ̀tún. Lẹ́yìn náà wọ́n mú ọ̀kan gbóná, láàárín dígírì 40 sí 80, wọ́n rí i pé ìdajì á di òsì, ìdajì á di ọ̀tún. Ìyẹn ni pé àwọn píìnì yẹn kì í ṣe kànńpá bí a ṣe rò. Wọ́n ń yọ̀ lórí wúrà. Èyí yàtọ̀ sí ti T tó di Q. Àwọn wọ̀nyí lè lọ, wọ́n lè bọ̀, nítorí kòtò wọn jìn bákan náà.

Ó di alẹ́ ọjọ́ Sátidé kí n tó lọ bá màmá. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Màmá, ẹ má bínú. Òótọ́ lẹ sọ, èyí kọ́." Wọ́n ní kí ló dé tí mo fi gbà lónìí. Mo fa fóònù yọ, mo fi àwòrán T àti Q hàn wọ́n, mo ń ka píìnì, mo ń ka imí ọjọ́. Wọ́n fara balẹ̀ gbọ́, kódà wọ́n bi mí èwo ló ń rùn nínú wọn. Nígbà tí mo parí, wọ́n ní, "Ìyẹn ni pé àfìgbà tí àwọn ará Ṣáínà sọ̀rọ̀ kí o tó lè gba èmi ìyá ẹ gbọ́?"

Mi ò ní èsì kankan fún wọn.

Ẹ bá mi fi ètò yìí ṣọwọ́ sí ẹnì kan tó bá ń ka kẹ́mísírì, ẹ sì jẹ́ kí n gbọ́ bí ìṣírò 38 yẹn bá pé lọ́wọ́ yín. Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀, màmá ti ń lo ṣéènì tuntun náà, wọ́n lò ó lọ ìgbéyàwó lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá. Ìkọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ti tún ń já. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ní àwọn fúnra àwọn ló máa gbé e lọ.